Láti Ìgèdè dé Ọ̀sà Èkó: Bí Ará Èkìtì Ṣe Lè Fi Àjẹ̀ Wakọ̀ Lọ Wo Àwọn Ẹ̀dá Orí Omi

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún màmá mi ní Adó-Èkìtì pé mò ń lọ sí Èkó láti wakọ̀ lórí ọ̀sà kí n lè wo ẹyẹ àti akàn, wọ́n ní, "Ṣé ẹyẹ ti tán l'Ékìtì ni?" Mo ní rárá, omi ni mò ń tẹ̀ lé. Odò Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń lọ bọ ní Òṣogbo, Ìgèdè-Èkìtì níbí ló ti ṣẹ̀. Láti Ìgèdè ló ti ń rìn bọ̀ títí tó fi ń já sínú ọ̀sà ní ìsàlẹ̀, nítòsí òkun. Omi tiwa wà nínú ọ̀sà yẹn. Mo fẹ́ mọ ibi tó gbà lọ, mo sì fẹ́ mọ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo máa ń kó èèyàn mẹ́fà tàbí méje lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, torí òkè ni àwa fi ń júwe ilé fún àlejò, a kì í fi omi júwe. Ohun tí mo ń kọ́ wọn ni mo tò sílẹ̀ yìí, bí a ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ má gbàgbé èyí: ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ ni ẹranko ń wá bá. Ẹni tó bá ń lé ẹyẹ kiri orí omi, ẹ̀yìn ẹyẹ ni yóò máa rí.

Ẹ mọ irú omi tí ẹ ń lọ bá

Ẹni tó bá ti dé Ìkọ́gòsì kò ní pẹ́ mọ ohun tí ọ̀sà jẹ́. Ní Ìkọ́gòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn wá pàdé ara wọn, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ kan sínú ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì sínú ìkejì. Ní ọ̀sà, omi iyọ̀ àti omi tí kò níyọ̀ ló ń pàdé. Òkun ń ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti àwọn mìíràn sì ń da omi òjò sí i láti òkè. Omi iyọ̀ wúwo ju èkejì lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń gbà, omi òjò á sì máa gun orí rẹ̀ kọjá.

Ọ̀sà Èkó gùn ju 50 kìlómítà lọ, ó sì fẹ̀ láti nǹkan bí 3 sí 13 kìlómítà. Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ kò jìn, etí rẹ̀ àti àwọn ìṣàn kéékèèké tó wọ inú igbó ni a sì ń lọ, a kì í lọ sí àárín gbùngbùn.

Nínú oṣù òjò, omi odò máa ń borí, iyọ̀ á dínkù. Ìgbà yẹn ni ewéko tí wọ́n ń pè ní water hyacinth máa ń bo ojú omi pátá, tí ọkọ̀ kò fi ní rí ibi gbà. Àlejò ni ewéko yìí jẹ́ lórílẹ̀-èdè wa. Nǹkan bí ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní apá Badagry. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí iyọ̀ òkun sì tún wọlé, á pọ́n, á gbẹ, á sì kú. Ọ̀nà á wá là.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń mú ìparí oṣù kìíní títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Oṣù kejìlá náà dára, àmọ́ kùrukùru ọyẹ́ lè mú kí ẹ má rí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀ títí tí yóò fi súnmọ́ yín, ìyẹn kò sì bójú mu. Ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà, àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù wà lọ́dọ̀ wa.

Omi ń kún, omi ń fà

Ibí ni àwa ará òkè ti máa ń ṣìṣe. Dáàmù tiwa, bí ẹ bá bá a ní àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó bá a ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sà kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún, lẹ́ẹ̀mejì ló ń fà. Láti ìgbà tó kún dé ìgbà tó fà tán jẹ́ wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀, àkókò rẹ̀ sì máa ń fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú sún síwájú lójoojúmọ́. Bí omi bá fà tán ní aago 7 lónìí, ẹ retí rẹ̀ ní nǹkan bí aago 8 ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la. Àkókò tí wọ́n ń kọ fún ẹnu ọ̀nà òkun Èkó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rántí pé bí ẹ bá ṣe wọ inú ọ̀sà sí ni yóò ṣe pẹ́ sí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Apẹja ibẹ̀ ló lè sọ iye tí ẹ ó fi kún un.

Ọjọ́ tí omi yóò fà tán láàárín aago 8 sí 9 àárọ̀ ni mo máa ń yàn. A ó bọ́ sórí omi ní nǹkan bí aago 6 ààbọ̀, omi tó ń fà á máa rọra gbé wa lọ sí ìsàlẹ̀. Bó ti ń fà, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ etí odò ń yọ síta, orí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ yẹn sì ni oúnjẹ àwọn ẹyẹ wà. Nígbà tí omi bá yí padà, òun náà ni yóò tì wá wálé. Kí aago 11 tó lù, a ti dé èbúté, torí afẹ́fẹ́ òkun máa ń dìde bí oòrùn bá ti ń mú, ìgbì á sì máa lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Ọdún kejì tí mo lọ, mo kó wa wọ ìṣàn tóóró kan nígbà tó ku wákàtí kan kí omi fà tán, torí mo rí ẹyẹ kan tí mo fẹ́ tẹ̀ lé. Omi fà kúrò lábẹ́ wa. A jókòó sínú ẹrẹ̀ fún wákàtí méjì nínú oòrùn, omi mímu kan ṣoṣo la sì ń pín. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti àjẹ̀ bọ omi tí kò sì mu ún dé ìdajì, mo ti yí padà nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ nílé: Sátidé mẹ́ta ní dáàmù Ìkún

N kò mú ẹnikẹ́ni lọ sí ọ̀sà láìjẹ́ pé ó ti wakọ̀ ní Sátidé mẹ́ta lórí dáàmù tó wà ní Ìkún-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọbà. Omi ibẹ̀ dákẹ́, kò sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń sáré. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù náà, kí ẹ sì lọ kí àwọn apẹja. Bí ẹ bá ti dé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá" ló ṣíwájú, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ọwọ́ wọn ni ẹ ó ti háyà ọkọ̀ onígi, wọ́n sì mọ ibi tí kùkùté wà lábẹ́ omi. Omi tí ọ̀pọ̀ ìlú ń mu ni, nítorí náà kò sí ọṣẹ, kò sí ìtọ̀, kò sí epo nínú rẹ̀.

Sátidé kìíní, láífù jákẹ́ẹ̀tì la ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ di gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹnìkejì yín di èjìká rẹ̀ mú kó fà á sókè. Bó bá gòkè dé àgbọ̀n yín, kò bá yín mu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ ìwẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n jọ ń wọ̀ ọ́ ni, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ títí tí yóò fi padà kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ bí a ṣe ń wọlé sínú ọkọ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, ẹ jókòó. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán láti ya fọ́tò ló máa ń da gbogbo ilé sómi.

Ọjọ́ yìí kan náà ni mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé, nítòsí ilẹ̀, pẹ̀lú apẹja kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ohun tí ẹ ó ṣe kò ju mẹ́ta lọ: ẹ di ọkọ̀ mú, ẹ fọn fèrè tó wà lọ́rùn yín, ẹ dúró de ìrànlọ́wọ́. Ọkọ̀ onígi kì í rì bó tilẹ̀ kún fún omi. Ilẹ̀ tí ẹ ń wò bí ẹni pé ó wà nítòsí yẹn jìn ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ. Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ wẹ̀ lọ bá a.

Nǹkan kan wà ní omi tiwa tí kò yẹ kí n fi pamọ́: àtọ̀sí ajá. Inú ìgbín kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ koríko etí omi tí kò níyọ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ọ̀sán gangan ló máa ń jáde jù. Ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn, ẹ má rìn nínú omi etí koríko, ẹ ṣe ìdánrawò ọkọ̀ dídà yẹn ní kùtùkùtù níbi tí kò sí koríko, kí ẹ sì fi táwẹ́ẹ̀lì nu ara gbẹ kíá. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ lọ yẹ ìtọ̀ wò ní ọsibítù, pàápàá bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Sátidé kejì, àjẹ̀. Ọwọ́ kan wà lórí rẹ̀, ọwọ́ kejì wà lókè ibi tó ti fẹ̀. Ẹ tì í bọ omi níwájú, nítòsí orúnkún yín, ẹ fi ẹ̀yìn àti ìbàdí fà á wá, kì í ṣe apá nìkan. Ẹni tó bá ń fi apá nìkan wakọ̀, kò ní pẹ́ tí èjìká yóò fi máa dùn ún. Ẹ yọ ọ́ bó bá ti dé ìbàdí. Bí ẹ bá fà á kọjá ibẹ̀, ọkọ̀ á máa yí kiri.

Sátidé kẹta ni ti ìdákẹ́jẹ́, òun ni mo sì kà sí jù. Ariwo tó ń lé ẹyẹ lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ìkán omi tó ń tò láti ẹnu àjẹ̀ bọ́ sórí odò, tó-tó-tó, ẹyẹ ń gbọ́ ọ láti òkèèrè. Gbígbá tí àjẹ̀ ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fa àjẹ̀ dé ìbàdí, ẹ má yọ ọ́ jáde. Ẹ yí ọwọ́ kí etí rẹ̀ tó tínrín kọjú síwájú, kí ẹ sì fi gé omi bí ọ̀bẹ padà lọ síwájú, kí ẹ tún wá fà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àjẹ̀ kò kúrò nínú omi. Ó máa ń gba èèyàn ní wákàtí méjì kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fi aṣọ àlòkù wé ibi tí àjẹ̀ ti ń kan ọkọ̀.

Ẹ óò mọ̀ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹyẹ orí òṣíbàtà kò bá sá fún yín mọ́. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹyẹ kan wà tó ń lékè àwọn méjèèjì. Ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí obì, ọrùn rẹ̀ funfun níwájú, iwájú orí rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n fi búlúù kùn ún. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ìwọ̀n ara rẹ̀ á tàn ká orí ewé, ewé kò sì ní rì. African jacana ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Akọ ló ń sàba lé ẹyin, òun náà ló sì ń tọ́jú ọmọ. Bí jìnnìjìnnì bá bá a, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, á gbé wọn rìn, ẹsẹ̀ ọmọ á máa ṣe jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lábẹ́ apá bàbá. Ẹ wò ó láti ibi tí ẹ wà, ẹ má súnmọ́ ọn.

Ẹrù

Kò pọ̀. Omi mímu nínú kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe píọ̀ wọ́tà, torí ọ̀rá rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń gbé bọ́ sódò. Fìlà àti aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí aláwọ̀ ewé, kí ẹ má wọ pupa tàbí funfun fò. Awò aláwòjìnnà, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára (ó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po mẹ́jọ) ló dára jù, torí èyí tó bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ á máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín nínú ọkọ̀. Ọ̀rá méjì tí ẹ ó fi di fóònù. Okùn, fèrè, igbá tí ẹ ó fi gbọ́n omi. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì: ọ̀kan fún ìdọ̀tí tiwa, ọ̀kan fún èyí tí a bá bá lórí omi.

Bí ẹ bá dé Èkó

Ẹ kúrò ní Adó ní kùtù Ọjọ́ Ẹtì, gba Ìyìn, Àrámọkọ, Ìtawùrẹ́, bọ́ sí Iléṣà, kí ẹ sì ti Ìbàdàn wọ Èkó. Ẹ sùn. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò fún odidi ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ lójú omi lọ́jọ́ náà. Bí àyè bá wà, ẹ lo ọ̀sán Sátidé ní Lekki Conservation Centre. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990 lórí hẹ́kítà 78, afárá òkè igi rẹ̀ sì gùn ní mítà 401. Ẹ óò rí ọ̀bọ níbẹ̀, ẹ sì lè rí awọ́nríwọ́n, ojú yín á sì ti mọ́ra kí ilẹ̀ Ọjọ́ Àìkú tó mọ́.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti wakọ̀, àárín ọ̀sà nítòsí afárá Third Mainland kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn fẹ́ ya fọ́tò. Afárá náà gùn tó kìlómítà 11.8, omi ń yí po lẹ́bàá òpó rẹ̀, ọkọ̀ èrò sì ń kọjá láìdúró. Etí ọ̀sà ní apá Ìkòròdú, níbi tí igi mangrove, igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi iyọ̀, ṣì kù, ló bá wa mu. Ìlú wà lẹ́yìn yín, ẹ óò máa gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ àti ìwàásù láti orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, iwájú yín sì jẹ́ igbó.

Ẹ wá apẹja àdúgbò kan tí yóò ṣíwájú yín, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Ẹ béèrè ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́ LASWA, àwọn tó ń bójú tó ojú omi fún ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dé. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá kọjá, ẹ yí imú ọkọ̀ yín kọjú sí ìgbì tó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ óò rí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ káàkiri ibi tí omi kò jìn, bí ọgbà tí ìkún omi bò. Àkàjà nìyẹn. Apẹja ló rì í kí ẹja lè rí ibi sá sí, kí wọ́n sì sanra níbẹ̀. Oko ẹlòmíràn ni, ẹ má wakọ̀ wọ inú rẹ̀. Kóròbótó jálá tó ń léfòó sì túmọ̀ sí pé àwọ̀n wà lábẹ́. Ẹ gba ẹ̀yìn apẹja kọjá, ẹ kí i, kí ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ láìtọrọ àyè.

Lórí omi

Ọkọ̀ méjì ni mo fẹ́ràn, kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀ ṣùgbọ́n kí wọ́n máa rí ara wọn. Ẹ wakọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dúró fún ogún. Bẹ́ẹ̀ ni, ogún. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ẹ ó rí. Nígbà tó bá tó mẹ́jọ, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tí ẹ rò pé ó ṣófo á bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń jáde ni akàn kékeré. Akọ nínú wọn ní ọwọ́ kan tó tóbi tó ara rẹ̀, ọwọ́ kejì kéré. Kékeré ló fi ń jẹun, ńlá ló ń jù sókè-sódò bí ẹni tó ń pe mọ́tò dúró, láti fi pe abo àti láti fi lé akọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Abo ní ọwọ́ kékeré méjì, nítorí náà òun a máa yára jẹun jù ú lọ. Bí òjìji àjẹ̀ bá kan ilẹ̀, gbogbo wọn á wọ ihò lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ á tún dá páro.

Lẹ́yìn wọn ni ẹja tó ń rìn nílẹ̀. Ọmọkùnrin kan láti Ìkẹ́rẹ́ tó bá mi lọ di apá mi mú nígbà tó kọ́kọ́ rí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja yẹn ń wò mí." Lóòótọ́ ló ń wò ó. Mudskipper ni. Ojú rẹ̀ méjèèjì wà lórí rẹ̀ gan-an bí ti ọ̀pọ̀lọ́, ó ń fi lẹ́bẹ́ iwájú gbé ara rẹ̀ bí ẹni tó ń fi igbọ́nwọ́ wọ́. Ó kó omi sẹ́nu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, awọ ara rẹ̀ náà sì ń gba afẹ́fẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá tutù. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yí ẹ̀gbẹ́ kan sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa ka iye ìgbà tó yí i. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, á yí i léraléra.

Ẹ wo gbòǹgbò igi pẹ̀lú. Oríṣi mangrove méjì ni ẹ ó rí jù. Ọ̀kan ń na gbòǹgbò láti ara rẹ̀ sínú omi bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Èkejì ń ti gbòǹgbò tín-ín-rín gòkè láti inú ẹrẹ̀, bí pẹ́ńsùlù tí wọ́n tò sílẹ̀, torí ẹrẹ̀ yẹn kò ní afẹ́fẹ́, igi náà sì gbọ́dọ̀ mí. Àárín gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja àti edé ń sá sí kí wọ́n tó dàgbà. Ẹ̀pìyà àti ọ̀bọ̀kún tí a ń rà lọ́jà, níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣe kékeré. Bí wọ́n bá gé igi yìí láti fi yan ẹja, tàbí tí wọ́n fi yanrìn dí ibẹ̀ láti kọ́ ilé, ọjà ẹja náà á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má fi ọwọ́ di gbòǹgbò mú láti fi dá ọkọ̀ dúró. Ẹ lo àjẹ̀.

Ní ti ẹyẹ, ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun ni yóò kọ́kọ́ hàn. Á dúró sójú kan lófuurufú, á máa lu apá wàràwàrà, orí rẹ̀ kò ní mì, lẹ́yìn náà á já lulẹ̀ sínú omi bí òkúta. Ẹyẹ dúdú kan á jókòó lórí òpó àkàjà, á la apá sílẹ̀ gbayawu, ó ń sá a ni, torí ìyẹ́ rẹ̀ máa ń gba omi bó bá ti rì lọ wá ẹja. Àwòdì á máa yí po lókè. Ẹyẹ funfun tí ẹ ó fẹ́ pè ní lékèlékè, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa: bí ẹsẹ̀ bá dúdú tí ìka sì pọ́n rúsúrúsú, kì í ṣe lékèlékè tó ń tẹ̀ lé màlúù nílé. Ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ ẹja ni.

Ẹ sì wá ẹyẹ kékeré kan tó ń rìn létí omi, tó ń ju ìdí sókè-sódò láìsinmi. Ẹ ti rí i rí, mo fi dá yín lójú. Òun náà ló ń rìn lórí òkúta ní dáàmù Ìkún ní ẹ̀ẹ̀rùn. Common sandpiper ni orúkọ rẹ̀. Yúróòpù ló ti ń pa ẹyin, ó sì ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí i ní ọ̀sà, ṣe ló ń ṣe mí bí ẹni pé mo pàdé ará ilé ní ìdálẹ̀.

Báwo ni ẹ ṣe lè mọ̀ pé ẹ ti súnmọ́ jù? Ẹyẹ fúnra rẹ̀ á sọ. Bó bá dẹ́kun jíjẹun, tó na ọrùn sókè, ẹ ti dé ibi tí kò yẹ. Ẹ fi àjẹ̀ ti ara yín padà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, kó tó fò. Gbogbo ìgbà tó bá fò nítorí yín, okun tó fẹ́ fi padà sọdá Sàhárà ló ń ná. Ẹ má fi fóònù kọ orin ẹyẹ láti fi pè wọ́n, ẹ má ju búrẹ́dì sómi, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ tẹ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, torí ihò akàn ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Àpò kejì ńkọ́? Ẹ ó bá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike, bàtà. Ẹ ṣa èyí tí ọwọ́ bá tó láti inú ọkọ̀, kí ẹ má sì ṣa á títí tí ọkọ̀ yóò fi tẹ̀. Ìgò àti nǹkan mímú, ẹ fi sílẹ̀. Omi tó kọjá lára ìlú kì í ṣe omi mímọ́: ẹ fi nǹkan bo ojú ọgbẹ́, ẹ má fi ọwọ́ kan ẹnu, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lórí ilẹ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ máa lọ sí èbúté, kí ẹ má sì padà títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tó dún kẹ́yìn.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ìwé kékeré kan, pẹ́ńsùlù, torí bírò kì í kọ bí ìwé bá tutù. Ọjọ́, aago, ibi, bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà, orúkọ ẹyẹ, iye rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ yà á, ẹ má fún un lórúkọ tipátipá.

Lẹ́yìn náà, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Nigerian Bird Atlas Project, àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí igun kéékèèké tó tó nǹkan bí kìlómítà 9 níbùú àti lóòró, wọ́n sì ń fẹ́ kí èèyàn lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú igun kan, kó kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí. Áàpù BirdLasser ni wọ́n ń lò. Mo máa ń rọ àwọn tó bá mi lọ pé bí wọ́n bá ti fi ti ọ̀sà ránṣẹ́, kí wọ́n ṣe ti Ìkún, kí wọ́n ṣe ti ìlú wọn náà. Wákàtí méjì lẹ́yìn ilé yín ní Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀mùò wúlò bákan náà.

Kí ẹ tó padà sílé

Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé iṣẹ́ ti parí ní èbúté, ó ku ọ̀kan, òun ni mo sì máa ń dúró ti àwọn tó bá mi lọ títí wọn yóò fi ṣe é. Omi ń ti Èkìtì lọ sí ọ̀sà, kò sí ohun tó yẹ kó ti ọ̀sà gòkè wá bá wa. Ìgékúrú water hyacinth kan ṣoṣo, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, lè di méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bó bá bọ́ sínú omi tí kò níyọ̀, méjì á di mẹ́rin. Iyọ̀ ló ń pa á ní ọ̀sà. Ní dáàmù Ìkún, kò sí iyọ̀ tí yóò pa á.

Nítorí náà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí omi kò ti ní ṣàn padà sódò, ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ àjẹ̀, láífù jákẹ́ẹ̀tì, igbá àti ìsàlẹ̀ bàtà. Ẹ fi igi tín-ín-rín yọ ẹrẹ̀ tó wà láàárín eyín bàtà. Ẹ tú gbogbo kókó okùn, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ọdún tó kọjá, nínú kókó okùn kan tí mo ti fẹ́ jù sínú búùtù mọ́tò, mo bá ewé kan tó ká jọ, ó ṣì tutù, gbòǹgbò dúdú rẹ̀ ṣì wà ní ìdí. Mo fi í sórí páànù nínú oòrùn títí ó fi gbẹ fúrúfúrú, kí a tó gba ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ sá gbogbo ẹrù yín fún ọjọ́ méjì bí ẹ bá délé, kí ẹ tó tún gbé e dé etí omi Ìkún.